Ohùn Tí A Rí, Tí A Kò Gbọ́

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìsinmi Ọdún Àjíǹde, àwa olùkọ́ mẹ́ta àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mọ́kànlá jókòó yí kọ̀ǹpútà kan ká, a ń wo ohùn ọkùnrin kan tí ó ti di olóògbé. Wíwò nìkan ni a lè wò ó. Ohùn náà ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà bí òkè àti àfonífojì: ó ga níbi tí ìlù gbé le, ó rẹlẹ̀ níbi tí akọrin gbé dúró mí. Ṣùgbọ́n nínú yàrá náà, a kò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní àgbàlá lọ.

A ní láti ṣàlàyé ohun tí ó gbé wa dé ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ni a ti ń ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ òkè Kétu, ní ẹkùn Plateau. Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, òun ni a fi ń kọ́ wọn ní ìtàn, òun náà ni a sì fi ń bá wọn wí nígbà tí wọ́n bá pẹ́ dé. Èyí ni ó mú kí a dá ẹgbẹ́ èdè Yorùbá kan sílẹ̀, tí ó ń pàdé ní ọ̀sán Ọjọ́rú nígbà tí kíláàsì bá ti ṣófo. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò ju pé kí a gba orin, àlọ́ àti oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí a sì kọ wọ́n sínú ìwé.

Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì troisième ni ó mú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wá: mẹ́rin, nínú àpò ọ̀rá kan, tí eruku pupa ti bò. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ ni bàbá àgbà rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Àwọn òǹkàwé tí a bí ní Kétu kò nílò àlàyé lórí èyí, ṣùgbọ́n ìwé yìí ń dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi púpọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa, tí a fi ń tu àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n ní agbára lójú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu púpọ̀ ni ó sì sọ pé láti Kétu ni ó ti tàn ká. Ọ̀sán ni ó ni ijó, òru ni ó ni Ẹ̀fẹ̀. Ní òru ni akọrin yóò gbé agọ̀ wọ̀, tí yóò sì máa fi orin àti àwàdà sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ ní ojúmọmọ: ta ni ó jalè, ta ni ó ya ọ̀lẹ, ìjòyè wo ni ó gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ní ohun ìní àjogúnbá tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ọmọ ènìyàn. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ ńlá wọn. A yọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n àkójọ kì í pa kásẹ́ẹ̀tì mọ́. Inú ilé, lábẹ́ ibùsùn, ni kásẹ́ẹ̀tì wà.

Lára ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹnì kan ti fi kálàmù kọ ọdún 1994. Orin inú rẹ̀ ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan láti agbo ilé náà ti dà á kọ sínú ìwé àjákọ nígbà kan rí. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i, kò sì fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà kankan. Bí ẹni tí kò ní ju álífábẹ́ẹ̀tì Faransé lọ lọ́wọ́ ni ó ṣe kọ Yorùbá rẹ̀. Ní ojú-ìwé kẹta, akọrin náà ní kí ẹnì kan dá nǹkan padà fún ẹni tí ó ni ín kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Kí ni nǹkan náà? Ìwé àjákọ pè é ní «oko».

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ oko, a jẹ́ pé ilẹ̀ ni à ń wí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ́, irin tí a fi ń kọ ebè ni. Bí ó bá jẹ́ ọkọ, a jẹ́ pé obìnrin kan wà ní agbo Ẹ̀fẹ̀ ní òru ọjọ́ náà tí ó fi ìborùn bo ojú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rẹ́rìn-ín sí èyí tí ó kẹ́yìn yìí títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọbìnrin tí ó mú kásẹ́ẹ̀tì wá kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ kan wà tí ìdílé tirẹ̀ àti ìdílé mìíràn ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí a kò tí ì bí i, àwọn kan nínú ìdílé kejì sì ti sọ ìwé àjákọ náà di ẹ̀rí. Wọ́n a ní: ẹ wò ó, ẹnu ọmọ ilé yín fúnra rẹ̀ ni ó ti jáde, lójú gbogbo ìlú, pé kí ẹ dá oko padà. Ní ilẹ̀ tiwa, ohun tí Ẹ̀fẹ̀ bá wí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọn dànù bí ẹni gbọn eruku.

Ẹnì kan ní Kútọnu ti bá wa yí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí fáìlì. A ti gbọ́ wọn lórí fóònù, a tilẹ̀ so fóònù náà mọ́ àwọn àpótí ohùn tí àwọn ọmọ ń pè ní baffle. Ṣùgbọ́n ìlù gbé ọ̀rọ̀ náà mì gan-an níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Ohun tí ó kù ni pé kí a lo Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, tí ó sì di ti gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2000. Ó lè fa ohùn gùn, ó lè dín ìró tí ó wúwo kù kí ti ẹnu ènìyàn lè yọ, ó lè tún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré sọ ní ìgbà ogún. Òótọ́ ni pé a lè ṣe gbogbo èyí láìgbọ́ nǹkan kan, kí a sì máa fi clé gbé e lọ sórí fóònù láti mọ ibi tí a dé. A dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni ń fá orí ọmọ nínú òkùnkùn ni.

Kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ (ordinateur ni àwọn ọmọ ń pè é, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kò bá kọ̀wé) jẹ́ àlòkù tí a fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Nígbà tí ètò tí ó bá a wá kò lè rìn mọ́, ọ̀kan nínú wa fi Ubuntu 20.04 rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Linux ni Ubuntu. Linux yìí ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Helsinki ní Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni Mark Shuttleworth tí ó dá Ubuntu sílẹ̀ ní ọdún 2004, inú èdè Zulu àti Xhosa ni ó sì ti mú orúkọ rẹ̀; ọ̀rọ̀ wa tí ó sún mọ́ ọn jù ni ìwà ọmọlúàbí. A kò san kọ́bọ̀ lé e. Ìdí kejì tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìlànà títẹ Yorùbá wà nínú rẹ̀: ìbáà ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà bí a ti ń lò ó nínú ìwé yìí, ìbáà ṣe ɛ àti ɔ tí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa mú lò láti ọdún 1975, gbogbo rẹ̀ ni a lè tẹ̀. Ó wá burú fún wa pé ẹ̀rọ tí ó mọ àmì ohùn kọ tó bẹ́ẹ̀ kò lè fọhùn.

Opó akọrin náà, ìyá àgbà ọmọbìnrin wa, ti ṣèlérí pé òun yóò wá gbọ́ ọ ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e. Àgbà kan láti ìdílé kejì gbà láti wá pẹ̀lú. Ọjọ́ méje ni a ní.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe bọ́gbọ́n mu. Àwọn àpótí ohùn kò ní àbùkù, nítorí pé fóònù ti jẹ́rìí sí i. A wo ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: aláwọ̀ ewé ni ti ohùn tí ń jáde, aláwọ̀ òdòdó ni ti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn wọlé, aláwọ̀ búlúù náà sì jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí ń rán ohùn wọlé. Inú aláwọ̀ ewé ni wáyà wa wà. A fa ìwọ̀n ohùn dé òkè pátápátá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ohun tí a ṣe ṣìkejì kò bọ́gbọ́n mu rárá. Ẹnì kan nínú wa, tí kì í ṣe ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù, ti rí i kà níbì kan pé ẹni tí Linux rẹ̀ bá yadi, kí ó yọ PulseAudio kúrò tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. A gbà. A kọ àṣẹ náà, a tẹ bọ́tìnnì, orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í sá kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a tún un tàn, àmì ohùn tí ó máa ń wà ní igun òkè ti pòórá. Ṣáájú, kọ̀ǹpútà wa kò lè sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, ó ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ wà láyé. Owó íntánẹ́ẹ̀tì tí a rà sórí fóònù láti dá ohun tí a yọ padà ni a fi san owó orí àìsùúrù wa, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì ti lé wa bá nígbà náà.

Ìgbà yìí ni a tó jókòó láti béèrè ohun tí ó yẹ kí a ti béèrè: ọ̀nà wo ni ohùn ń gbà jáde? Ẹni tí ó bá ti dé Kétu yóò ti rí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè odi ìlú àtijọ́. Àlejò kì í ti ẹnubodè rìn gbuurugbu dé iwájú Alákétu. Ẹnì kan ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn inú Linux rí. Audacity kì í bá àpótí ohùn sọ̀rọ̀. PulseAudio, tí Lennart Poettering bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ni ó ń gba ohùn lọ́wọ́ gbogbo ètò, tí ó ń pò wọ́n pọ̀, tí ó sì ń yan ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ALSA wà, nínú Linux gan-an, èyí tí Jaroslav Kysela dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, tí ó sì gba ipò ètò ohùn àtijọ́ nígbà tí Linux 2.6 jáde ní òpin ọdún 2003. ALSA ni ó ń bá ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí ń dá ohùn lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò, wáyà, àti àpótí tí ó ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Oníbodè kọ̀ọ̀kan lè ti ilẹ̀kùn, kì í sì í sọ fún èkejì pé òun ti tì í. (Láti Ubuntu 22.10 wá, PipeWire tí Wim Taymans ṣe ni ó ń ṣe iṣẹ́ PulseAudio. Ṣùgbọ́n ALSA ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ tuntun lè bá wa kẹ́dùn bákan náà.)

Nítorí náà a lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Ní ibi ètò Son, nínú Paramètres, a rí i pé PulseAudio ń rán ohùn gba ọ̀nà HDMI. Wáyà HDMI ni ó so kọ̀ǹpútà náà mọ́ ojú tuntun tí a gbà ní oṣù kan ṣáájú. Wáyà yìí lè gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, kọ̀ǹpútà sì ti gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ohùn máa lọ. Ojú náà kò ní àpótí ohùn nínú. Láti oṣù kan sẹ́yìn ni a ti ń rán ohùn lọ sí ọ̀dọ̀ adití. A kọ aplay -l láti mọ gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ó wà, a rí ti HDMI àti èyí tí wọ́n kọ Analog sí lára, a sì yan Analog. A yọ̀. A tẹ Audacity. Òkè àti àfonífojì kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa méjì péré ni a padà wá. A ṣí alsamixer, tí ó ń fi òpó kéékèèké hàn, ọ̀kan fún ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú ALSA. F6 ni a fi yan ẹ̀rọ ohùn tí ó tọ́. Lábẹ́ òpó Line Out, níbi tí ó yẹ kí a rí OO, MM ni ó wà: wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. A tẹ M, ó di OO. Kò pẹ́, ó tún di MM lójú ara rẹ̀, a wo ara wa bí ẹni tí ó rí iwin. Ìgbà tí a sún dé òpin ọwọ́ ọ̀tún ni a rí Auto-Mute Mode, tí a kọ Enabled sí. Àṣẹ tí ó ń pa nìyí: bí ẹnikẹ́ni bá ki wáyà ohùn etí bọ ihò iwájú, kí a pa ohùn ẹ̀yìn mọ́. Kò sì sí nǹkan kan nínú ihò iwájú.

A fi iná fóònù wò ó. Irin pẹlẹbẹ tí ó wà nínú ihò náà ti tẹ̀. Ọdún mélòó ni àwọn ọmọ ti ń ki oríṣiríṣi nǹkan bọ̀ ọ́, a kò lè sọ, àwa náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbàgbọ́ pé ẹnì kan wà níwájú òun tí ó fi nǹkan sétí tí ó ń gbọ́, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ẹni náà. A yí Enabled sí Disabled, a tẹ M, a kọ speaker-test -c 2 -t wav. Ohùn kan sì jáde láti apá òsì, ó sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé «Front Left». Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Faransé. A dì mọ́ ara wa síbẹ̀.

Iná mọ̀nàmọ́ná lọ kí a tó tú ọwọ́ kúrò lára ara wa.

Nígbà tí ó dé, MM ti padà. Èyí gbà wá ní ọjọ́ kan sí i, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé kò sí bí yóò ti ṣe máà ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń gbé ní àdúgbò wa. Ìgbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà bí ó ti yẹ ni ALSA ń kọ ipò àwọn òpó rẹ̀ sílẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, kò ráyè kọ ohunkóhun. Ohun tí ó rántí ni èyí tí ó kọ kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti tún un ṣe, kí ó kọ sudo alsactl store lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó tó yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a dín ìlù kù, a fa ohùn gùn díẹ̀, a sì ṣe ìpinnu kan tí ó nira fún wa: a kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí ó wà nídìí Audacity fi etí sí ibi tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ibi tí ó tẹ̀ lé e nìkan. Ó búra fún wa pé òun kò fetí sí àárín. A gbà á gbọ́, níwọ̀n ìba.

Ìyá àgbà dé kí agogo mẹ́rin tó lù, ó ro aṣọ àdìrẹ, ó sì di ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Àgbà ìdílé kejì jókòó sí òdì-kejì, kò bọ́ fìlà. Ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ni ní katikísì, ó sì mọ Yorùbá kà ju púpọ̀ nínú wa lọ. A kí wọn, a dọ̀bálẹ̀, a sì jẹ́ kí orin náà lọ bí ó ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a má bàa fi ohun tí a gé fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ odindi. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan wúkọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní: «Ikọ́ rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọyẹ́ ni ó máa ń wú u.»

A dé ibi ọ̀rọ̀ náà. Ìlù bò ó. A tẹ èyí tí a tún ṣe. Àgbà náà tẹ orí sí iwájú. Ó ní: «Ẹ tún un ṣe.» A tún un ṣe. Ní ìgbà kẹrin, ó ti di ojú. Ní ìgbà kẹfà, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú yàrá tí kò gbọ́ bí ohùn náà ti gòkè ní òpin ọ̀rọ̀ náà, kedere, bí ẹni gun àkàbà kan.

Àgbà náà ní: «Ọkọ́ ni.»

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní: «Bàbá, ọkọ́ tèmi ni. Ẹ̀gbọ́n yín ni ó yá a lọ́wọ́ mi. Mo lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí kò dá a padà ni mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun olówó orí mi, ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun di alẹ́ Ẹ̀fẹ̀.»

«Ǹjẹ́ ó dá a padà?»

«Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tilẹ̀ ti fi ẹ̀ékù tuntun sí i.»

Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìwé àjákọ náà, ó sì béèrè kálàmù lọ́wọ́ ọmọbìnrin wa. Ó ṣí i dé ojú-ìwé kẹta. Ó fi àmì sí abẹ́ o àkọ́kọ́, ó fi sí abẹ́ èkejì, ó fa ìlà kékeré kan sórí èyí tí ó kẹ́yìn, ó sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kí ó lè gbẹ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn tí ń dá a. Ìwé àjákọ ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

A ti ń ká wáyà nígbà tí a rí i pé ìyá àgbà kò tí ì dìde. Ó ní bí kò bá ní ìnira fún wa, kí a bá òun tún ibi ikọ́ náà ṣe.